Ọ̀rẹ́ Tuntun Lọ sí Felabration

Bí o bá fẹ́ mọ ọ̀rẹ́ tuntun dáadáa, mú un lọ sí Felabration. Ọdún 1998 ni Yẹni Aníkúlápó-Kútì dá àjọ̀dún orin yìí sílẹ̀ fún ìrántí Fẹlá, olórin tó jẹ́ bàbá rẹ̀. Oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe é, oṣù tí wọ́n bí Fẹlá, ní New Afrika Shrine, Ìkẹjà.

Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ láti Ìyànà Ìpájà. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo, "Ìkẹjà! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ọ̀rẹ́ mi, tó ní kò sẹ́ni tó lè kọ́ òun ní Fẹlá, na ẹgbẹ̀rún kan náírà tó le gan-an sókè, ó sì wojú mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi san án ná." Mo san án. A há mọ́ra wa nínú dáńfó, ó ní orin Shuffering and Shmiling tí Fẹlá kọ gan-an nìyí. Òótọ́ ni, àmọ́ èmi ni mo sanwó ìyà náà.

Ní Shrine, èrò kún, èéfín tí mi ò ní dárúkọ gba ojú ọ̀run. Ọ̀gbẹ́ni jó títí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tó di ọ̀gànjọ́, ó yọ́ bi mí létí pé: "Aago mélòó ni Fẹlá fúnra ẹ̀ máa jáde?"

Fẹlá tó kú ní 1997!

Mo ní kó ṣe sùúrù, bàbá ṣì ń wá ṣòkòtò.