Oríkì Bátìrì Ẹ̀yìn-Ìjókòó

Bátìrì Ẹ̀yìn-Ìjókòó, mo wá kì ọ́.
Olóyè nìkan kọ́ là ń kì;
a máa ń kì ọ̀lẹ, a máa ń kì wọ̀bìà.
Lónìí ó kan ìwọ tí o gbowó àgbẹ̀ tán, tí o kò bá a dé oko.

Ọmọ Toyota, ọmọ bíbí ilẹ̀ Jàpáànù,
tó bá ọkọ̀ Prius elépo-oníná jáde sílé ayé ní oṣù Kejìlá ọdún 1997.
Ọmọ 28 nínú àpótí kan ṣoṣo ni ọ́ nínú Prius ọdún 2004 sí 2015,
wọ́n so yín pọ̀, agbára iná yín lé ní 200 fóltì.
Ẹyọ kan ṣàìsàn, 27 yòókù dùbúlẹ̀ tì í.
A-taná-sí-dáṣíbọ́ọ̀dù-da-ọkàn-ọlọ́kọ̀-rú!

Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́ wá sí Akínyẹlé àti agbègbè rẹ̀?
Ọ̀wọ́n epo ni.
Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ.
Lítà epo tí kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan;
kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kan 1,000.
Ẹni tó ń kó gààrí ní Ìyànà Ọ̀fà,
ẹni tó ń ná ọjà Mòníyà,
olùkọ́ tó ń ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ síṣẹ́ ní Ẹ̀rúnmu,
gbogbo wọn ń wá ọkọ̀ tí kì í mu epo.
Wọ́n gbọ́ pé o wà. Wọ́n dá àjọ, wọ́n jẹ gbèsè, wọ́n rà ọ́ ní tòkunbọ̀.
A-forúkọ-àìmu-epo-wọ̀lú!

N kò ní purọ́ mọ́ ọ, òtútù pàápàá kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ.
Ní Winnipeg ní Kánádà, nínú oṣù Kìíní, tí òtútù lọ sí ìwọ̀n 20 Celsius nísàlẹ̀ òdo,
o kákò. Agbára inú rẹ kò tètè jáde,
èyí tí bíréèkì ń dá padà fún ọ pàápàá, o kò lè gbà á tán.
Ẹ́ńjìnnì ni kò sinmi: kó gbóná fún ara rẹ̀,
kó gbóná fún àwọn tó jókòó, kó tún wa ọkọ̀.
Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́:
epo tí o bá wọn ṣọ́ nígbà ooru, o mu ún padà nígbà yìnyín.
Síbẹ̀ òtútù kì í sábà pa ọ́. Bí ara rẹ bá ti yá gágá, o tún dìde.
Ooru ló ń pa ọ́. O wá wá ilé ooru wá!

Ọyẹ́ tiwa, tó ń mú bàbá àgbà wọ súwẹ́tà lóko ní ìdájí,
kò tó òtútù lójú rẹ. Eruku rẹ̀ ni kí o bẹ̀rù.
Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi ìdérí oníhò wínníwínní bò ó,
fáànù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ lo ti ń mí.
Afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí nínú ọkọ̀ gan-an ni ìwọ náà ń mí:
bó bá tutù fún wọn, ó tutù fún ọ;
bó bá gbóná fún wọn, ìwọ ń jóná.
A-mí-bí-èèyàn, nínú ọkọ̀ tí a rà fún ẹrù!

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń gbé bátìrì náà bọ̀ láti Akànrán ní ọ̀sán oṣù Kejì. Ooru ti lé ní ìwọ̀n 34 Celsius. Àpò gààrí mẹ́ta wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ ti ihò náà, ó dí i pa. Awakọ̀ pa AC kí epo má baà tán, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, eruku pupa ojú ọ̀nà ya wọlé, fáànù sì ń fà á mu. Ọkùnrin náà rò pé òun ń ṣọ́ owó. Epo náírà díẹ̀ ló ń ṣọ́. Ohun tí owó rẹ̀ lè gbé ìkórè ọdún kan lọ ló ń sè lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá tú u, ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wò ó. Láfún àti eruku pupa ti dì mọ́ abẹ́ fáànù, ó ki débi pé èékánná ló fi ń họ ọ́. Háhá àgbàdo wà nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀, bàbà tó so àwọn ọmọ náà pọ̀ ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé.

Ẹ jẹ́ n kì ẹni tó tà á pẹ̀lú:
A-paná-dáṣíbọ́ọ̀dù-kí-oníbàárà-tó-dé,
tó mọ̀ pé iná náà yóò tún tàn kí onítọ̀hún tó dé Lálúpọn.
Àti ẹni tó yọ ọmọ kan tó kú, tó fi ògbólógbòó mìíràn rọ́pò,
tó gbowó iṣẹ́ pípé.
Inú ń bí mi sí ẹ̀yin méjèèjì ju bó ṣe ń bí mi sí bátìrì lọ.
Bátìrì kò mọ̀ọ́mọ̀, ẹ̀yin mọ̀.

Ẹ̀yin ará Bádéèkù, ẹ̀yin ará Olódó, ẹ fetí sílẹ̀.
Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò dání.
Ẹ̀rọ náà máa ń ka àwọn ọmọ Prius ní méjì-méjì;
bí méjì kan bá ń já sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, ẹ kúrò níbẹ̀.
Ẹ má gbé àpò ti ihò náà. Ẹ wá ibòji fún ọkọ̀.
Ẹ tan AC lọ́sàn-án gangan, àní bí ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú rẹ̀.
Bí ọyẹ́ bá ti ká kúrò nílẹ̀, kí wọ́n tú fáànù, kí wọ́n fọ̀ ọ́.
Wáyà aláwọ̀ ọsàn, kí rìwáyà àdúgbò má fọwọ́ kàn án
àyàfi bó bá kọ́ iṣẹ́ rẹ̀: ó lè pa èèyàn.

Ẹni tí kò bá lè ṣe wàhálà yìí, kó ra Corolla elépo,
kó máa lọ oko rẹ̀ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.