Ìjàpá Oníkẹ́míìsì

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, tó ń ta oògùn lójú ọ̀nà Bajulaiye ní Ṣómólú. Oṣù kẹta ọdún 2020 ni. Kòrónà ti wọ Èkó, Trump sì ń yin kulorokúìnì l'Ámẹ́ríkà, oògùn ibà tí ìjọba wa ti fi ACT rọ́pò láti ọdún 2005. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìjàpá ti kó èyí tó wà ní Ìdúmọ̀tà, ó sì ti gbówó lé e. Ó gbówó lé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà: ó ní inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

Àwọn àgbà ẹranko gba ọ̀dọ̀ Kìnnìún lọ. Kìnnìún ní ìdajì owó ni kí arúgbó máa san.

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Kábíyèsí, ó ti parí.” Ló bá tẹ fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé (ìwé wo ni wọn kì í tẹ̀ ní Ṣómólú?): kí arúgbó mú ìwé ìbúra ọjọ́ orí wá láti kọ́ọ̀tù, tàbí kó mú ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i wá. Kọ́ọ̀tù ti tì. Kónílé-ó-gbélé sì bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà.

Òbúkọ àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó forin sí i:

Ìjàpá, ta mí lóògùn o,
*Tẹ̀ńtẹ́rẹ́ tẹ̀ń.*
Ẹni tó gbẹ̀bí mi ti kú,
*Tẹ̀ńtẹ́rẹ́ tẹ̀ń.*
Ẹni tó sọ mí lórúkọ ti kú,
*Tẹ̀ńtẹ́rẹ́ tẹ̀ń.*
Irùngbọ̀n mi ò ha tó bí?
*Tẹ̀ńtẹ́rẹ́ tẹ̀ń.*

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni Ìjàpá wí. “Ọmọọmọ yín náà nírùngbọ̀n.”

Nígbà tó yá, ó gbé ìwé ìṣirò lọ sí ààfin: arúgbó kankan ò wá rajà ìdajì owó, ara gbogbo wọn ti le! Inú Kìnnìún dùn. Ó fi í jẹ Baba Ìsàlẹ̀ Àwọn Arúgbó.

Wọ́n ṣí ìlú díẹ̀ ní oṣù karùn-ún, Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ ìmúra ìwúyè. Ó tẹ ìwé ìpè, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé òun lòun dàgbà jù ní Bàrígà àti Ṣómólú. Àárọ̀ ọjọ́ oyè, orí ń fọ́ ọ, òyì ń kọ́ ọ. “Yánníbo, sáré lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Àgbà ni mí o, ìdajì ni kó o san!”

Òkété ọmọṣẹ́ fa fọ́ọ̀mù yọ.

“Ẹ kú àárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ̀gá?”