Ẹrù Màmá Òkè

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ohun tí mo bá fojú rí ni mo máa ń wí, èyí tí n kò bá sì rí, mo lè dọ́gbọ́n bi ẹni tó rí i. Ọ̀rọ̀ Màmá Òkè yìí, ojú mi ló ṣe, torí ẹnu ọ̀nà mi kọjú sí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní Màmá ń lọ sí ilé arúgbó! Ní Kétu wa níbí! Obìnrin tó ta ata ní Mile 12 títí tí àwọn alágbàrù fi ń pè wọ́n ní Ìyálọ́jà láìjoyè.

Mo pariwo lọ́jọ́ tí mo gbọ́. Ẹ̀yin náà pariwo, Ìyá Ìbejì, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Nídìí kànga níbẹ̀ la ti dá àwọn ọmọ wọn lẹ́jọ́. A mọ ilé arúgbó tí ìjọba Èkó ní ní Yábà, a mọ Regina Mundi ti ìjọ Àgùdà ní Múṣin, a sì ti pinnu láàárín ara wa pé ẹni tí kò rẹ́ni tọ́jú rẹ̀ ló ń débẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ márùn-ún, tí ọ̀kan wà ní Kánádà, kí ló ń wá lọ? Àṣé Màmá fúnra wọn ló wá ibi tí wọ́n ń lọ. Ilé aládàáni kan ni, lọ́nà Ìkòròdú, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń tajà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó oṣù ni wọ́n ń san, nọ́ọ̀sì ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láràárọ̀, ilẹ̀ sì ni gbogbo yàrá wà, kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ó pẹ́ tí orúnkún Màmá ti ń bá àtẹ̀gùn ilé yìí jà, àwọn ọmọ nìkan ni kò gbọ́.

Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n mú wá kò pọ̀: àpótí aṣọ kan, àga kan tó bá wù wọ́n, àti nǹkan wẹ́wẹ́ tó lè wọ wọ́dúróòbù. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀. Yàrá méjì àti pálọ̀ tó kún dé òrùlé gbọ́dọ̀ wá di ẹrù kọ́rọ́pè kan.

Àkọ́bí wọn ló ń pariwo jù. "Màmá, ẹ dín ẹrù kù! Màmá, ẹ kì í fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀!" Ọjọ́ Àìkú ló máa ń dé, á dúró láàárín pálọ̀, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, á máa pàṣẹ. Màmá á ní, "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Èmi wá gòkè lọ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìrànlọ́wọ́ ni mo bá lọ, kì í ṣe torí àwọn ìkòkò yẹn. A máa tó dé orí ìkòkò.

Nínú yàrá kìíní, ìgbálẹ̀ kò rí ilẹ̀ gbá. Mo ní, "Màmá, àwọn mátíréèsì yìí ńkọ́?" Wọ́n ní ti àbúrò àwọn ni, èyí tó gbé Ajégúnlẹ̀ rí. Kì í ṣe Ajégúnlẹ̀ ti Apápá o, èyí tó wà lọ́nà Ìkòròdú, téèyàn bá kọjá Mile 12. Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2010? Wọ́n tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn kún àkúnya, àwọn èèyàn ń tukọ̀ kọjá níwájú ilé ara wọn. Láti ọdún 1983 tí wọ́n ti ṣí ìsédò yẹn, lọ́hùn-ún nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n bá ti tú omi rẹ̀ jù, àwa ìsàlẹ̀ là ń gbà á lálejò. Màmá nìkan ló ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nínú ẹbí, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo ayé gbẹ́rù sá lọ. Omi padà. Ẹrù ò padà. Ẹni tó ni mátíréèsì ti kọ́lé sí Mówé, ó ti ra tuntun, síbẹ̀ ó ń bẹ Màmá pé kí wọ́n ṣì bá òun tọ́jú ẹ.

Nínú agolo mílíìkì kan la ti bá tọ́rọ́ àti sísì. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n bá yín dà á nù." Wọ́n ti já a gbà lọ́wọ́ mi. Ṣéńjì oníbàárà kan ni, nígbà tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Òyìngbò. Obìnrin náà ní òun ń bọ̀ wá gbà á, kò dé, títí ìjọba fi sọ owó di náírà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Mo ṣírò ẹ: pọ́n-ùn kan di náírà méjì nígbà yẹn, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Gbogbo ohun tó wà nínú agolo yẹn ò tó náírà kan. Màmá ní owó olówó ni.

Ẹ wá wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ike! Ẹni tó bá gbé Èkó mọ ohun tí mò ń wí. Òde òkú tá a bá lọ ní Sátidé, ike la fi ń bọ̀ wálé, àwòrán olóògbé ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ sí i. Bá a ti ń kó wọn sílẹ̀, àwọn bàbá ń wò wá láti ìsàlẹ̀ abọ́, àwọn ìyá onígèlè ń rẹ́rìn-ín sí wa lára bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ife kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé téèyàn bá mu omi inú ẹ̀ tán, òun àti baba kan ló ń wojú ara wọn. Màmá mọ gbogbo wọn lórúkọ. "Èyí ò sanwó ata mi kó tó lọ." Wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n fún mi ní díẹ̀ nínú ẹ̀, ọkọ mi sì ti sọ pé òun ò ní máa fi òkú tí òun ò mọ̀ mu gaàrí.

Aṣọ? Sányán, àlàárì, ẹtù, ọmọbìnrin méjèèjì ti pín in kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n sì ti bá ara wọn yodì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tó yá ni ojú mi là. Màmá ti kó tiwọn tán! Ohun tó jẹ́ tiwọn gan-an, àpótí kan ni, àga onígi kan, Bíbélì àti rédíò. Ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri, tó ń ké "irin kòndẹ́ẹ̀mù," ti gbé irin jákujàku lọ sí Owódé Onírin, Màmá ti fi owó ẹ̀ ra ẹran. Síbẹ̀ yàrá kún bámúbámú. Mo wá ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ta ló ni í. Jẹnẹrétọ̀ tí kò sí ẹ́ńjìnnì nínú ẹ̀: àkọ́bí. Bátìrì ínfátà tó ti wú: àkọ́bí. Ìwé JAMB, táyà ọkọ̀, gbogbo káńtà ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ẹ̀ tó wọgbá: àkọ́bí, àkọ́bí, àkọ́bí. Ẹni tó ń pàṣẹ lọ́jọ́ Àìkú!

Ti Kánádà náà pè lórí fídíò. "Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan àpótí mi o, èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Màmá bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀. Kò rántí. "Ẹ ṣáà má dà á nù, Màmá, nǹkan mi ni."

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni wọ́n mú, torí ọlidé ni, ọ̀nà á dá. Ọmọ-ọmọ wọn sọ fún wa pé ọjọ́ yẹn náà ni United Nations yà sọ́tọ̀ ní 1990 fún àwọn àgbàlagbà lágbàáyé. Màmá ní ṣé wọ́n máa ń pín ìrẹsì ni.

Kọ́rọ́pè dé, Màmá jókòó síwájú, wọ́n nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí àkọ́bí. "Tèmi ti tán. Ẹ wá kó tiyín." Ìkòkò ńlá mẹ́ta tí gbogbo àdúgbò fi ń se ìrẹsì ìnáwó, èmi ni wọ́n fún. Mo ní háà, Màmá, kò yẹ kó jẹ́ èmi. Wọ́n ní ojú mi kò kúrò lára ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti ń gòkè, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú.

Lánlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n kó ẹrù tó kù kí oṣù tó parí. Àwọn ọmọ pàdé, wọ́n jà, wọ́n parí ìjà, wọ́n sì dá owó jọ: wọ́n san owó ilé ọdún kan sí i. Inú lánlọ́ọ̀dù dùn dé etí, ayálégbé tí kò lo omi, tí kò gbàlejò, tí kò ní bínú sí i. Ẹrù ló ń gbé òkè wa báyìí. Lálẹ́ àná mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo yọjú, mo ní wọ́n ti wá kó o nìyẹn. Àkọ́bí ni, òun àti alágbàrù kan, fíríìjì tó ti bàjẹ́ wà láàárín wọn, wọ́n ń gbé e gòkè. Ó ní kí n má bínú, kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ.