Ìdajì Ojú, Odindi Gbèsè

"Ẹ máa dúpẹ́ o." Bí gbogbo ará Òkè-Àfà ṣe ń kí mi nìyí láti ìgbà tí mo ti ti ọsibítù dé. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà. Ẹ dúpẹ́ pé apá ò rọ, ẹsẹ̀ ò rọ. Mo ti dúpẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo dúpẹ́ ní mọ́sáláṣí, mo dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyàwó mi, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ kan tí kò mọ̀ mí rí, tó wá gbàdúrà fún mi, tó sì gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi kó tó lọ. Ohun tó kù báyìí ni kí ẹnì kan bá mi lọ sọ fún lánlọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù mi pé ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi san owó tọdún yìí.

Télọ̀ ni mí. Ẹ bi wọ́n wò ní Jakande Estate, láti géètì títí dé etí kànáà, ta ló ń rán agbádá tí ọrùn rẹ̀ kì í sún kì. Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà lálẹ́ ọjọ́ náà, aṣọ ẹbí ló wà lọ́wọ́ mi, orí sì ń fọ́ mi láti àárọ̀. Ṣàdédé ni mo wo ọwọ́ òsì mi, n ò rí i. Mo fi ti ọ̀tún wá a, ó wà níbẹ̀. Mo wo ẹ̀rọ, ìdajì ẹ̀rọ ló kù. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tan iná. Ó ní, "Bàbá, iná wà o." Iná tí a ò rí láti ọjọ́ yìí wá, ọjọ́ tó dé gan-an ni ojú mi yàn láti lọ.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló dí lápá ọ̀tún ọpọlọ, ní ìpàkọ́ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ lọpọlọ sì ti máa ń mọ ohun tí ojú bá rí. Nítorí náà ojú méjèèjì ò rí apá òsì mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹyinjú ò ní àbùkù kankan. Èmi tí mo ti ń ra gíláàsì fún iwájú láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni olè gbà wọlé.

Kí dókítà tó sọ gbogbo èyí, owó ti sọ tirẹ̀. Owó káàdì, owó bẹ́ẹ̀dì, dìpọ́síìtì, owó síkáànì. Síkáànì yẹn nìkan ló gbé gbogbo ohun tí mo dá sọ́wọ́ alájọ. Ìyàwó mi, Ìyá Bíọ́lá, ta ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ó ta jẹnẹrétọ̀, ó wá dúró, ó ń wo fíríìjì. Fíríìjì náà ì bá bá wọn lọ, tó bá jẹ́ pé ó ṣì ń tutù. Àwọn oníbàárà mi náà ò jókòó sílé. Wọ́n á mú ọsàn wá kí mi, wọ́n á sunkún díẹ̀, wọ́n á wá tẹ̀ sí mi létí: "Bàbá Bíọ́lá, lẹ́ẹ̀sì tèmi yẹn, ibo lẹ gbé e sí?" Ìyá kan tiẹ̀ gbé aṣọ tuntun wá síbi ìbùsùn mi. Ó ní kí n kàn bá òun wò ó. Kí n wò ó!

Ohun tó ń ṣe mí ní jàǹbá jù ni pé ojú mi dára. Ó mọ́, ó ń dán, kò pọ́n, kò wú. Ẹni tó bá wò mí á ní irọ́ ni mò ń pa. Mo lọ bẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa pé kí wọ́n sún gbèsè mi síwájú, ni alága bá na ìka sókè: "Bàbá Bíọ́lá, mélòó nìyí?" Apá ọ̀tún mi ló nà á sí. Mo ní méjì. Gbogbo ilé pariwo, "Ó ríran!" Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ká ní apá òsì ni ìka yẹn wà, gbèsè mi ì bá ti sún.

Nílé ńkọ́? Mo jẹ ìrẹsì tán, mo bi ìyàwó mi bóyá a ti ṣíwọ́ ẹran jíjẹ ni. Kò dá mi lóhùn. Ó kàn yí abọ́ po, ìrẹsì tó kù àti odindi ẹran sì yọ sí mi.

Owó náìrà ò sì ràn mí lọ́wọ́. ₦200, ₦500, ₦1,000, bákan náà ni gígùn àti ìbú wọn. Wọ́n pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láró tuntun ní 2022, ìlú dàrú nítorí rẹ̀ títí wọ 2023, a tò títí ẹsẹ̀ wú, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rántí gé ọ̀kan kúrú. Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Peckham ní lọ́dọ̀ àwọn, bí owó bá ṣe níye lórí tó ló ṣe ń tóbi tó, àti pé wọ́n fi nǹkan tó yọ gáńgán sára pọ́n-ùn mẹ́wàá àti ogún, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Níbí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí kùrukùru bo ìdajì tó kù fún mi, onímárúwá ni mò ń bi pé eélòó ni mo mú lọ́wọ́. Ẹ sì mọ irú èsì tó máa ń fún mi.

Ẹ má sọ pé ìjọba ò gbìyànjú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ará ìlú. Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ti ìpínlẹ̀ wa, ti wà kí ìyẹn tó dé. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ₦8,500 ni ẹnì kan ń san lọ́dún, ₦40,000 fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí adójútòfò tó ń san gbèsè àná, àìsàn yìí ò sì kọ lẹ́tà sí mi pé òun ń bọ̀. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 náà ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wa, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ta ni yóò gba télọ̀ tó ti ń hu ewú síṣẹ́ ọ́fíìsì? Olówó oṣù ni ìlú yìí mọ̀. Bí akọ̀wé bá ṣàìsàn, wọ́n á fún un láàyè kó sinmi, owó oṣù á ṣì máa wọlé. Bí àìsàn bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì wà. Bí télọ̀ bá ṣàìsàn, ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń fẹ̀yìntì.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì rèé, títí ayé ni mo máa lò ó. Láti 2023 tí wọ́n ti tú náìrà sílẹ̀, tí iléeṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline sì kó ẹrù rẹ̀, bí mo bá béèrè iye tó jẹ́, oníkẹ́míìsì wa á kọ́kọ́ wo òkè kó tó dá mi lóhùn.

Ìmọ̀ràn nìkan ni ò wọ́n. Ẹnì kan ní kí n ta oyin sójú, ẹnì kejì ní omi ọmú. Mo ní, "Ìyá, ìpàkọ́ ni àìsàn yìí wà." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n wá máa fi ra ìpàkọ́. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta nǹkankan sójú ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò bàjẹ́ lẹ tún fẹ́ bà jẹ́.) Ẹ̀gbọ́n kan ní kí n lọ ra sámbà, pé ṣé mo rántí Kokoro, afọ́jú olórin tó ń lu sámbà kiri ìgboro Èkó, tó kú ní 2009. Mo rántí rẹ̀. Kokoro mọ orin kọ. Èmi, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà ní tí àwọn yòókù bá ń kọrin, kí n máa yánu lásán.

Ọmọ àbúrò mi nìkan ló sọ̀rọ̀ tó ní láárí. Ó ní kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn afọ́jú tó wà ní Cappa, l'Óṣòdì, kò kúkú jìnnà. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń kọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ lọ lágbà bó ṣe máa fi ọ̀pá rìn, bó ṣe máa fọwọ́ ka ìwé. Mo fẹ́ lọ. Ìyá Bíọ́lá ní tí àwọn oníbàárà bá rí ọ̀pá funfun lọ́wọ́ mi, ìwọ̀nba tó kù á sá. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n bí n kò bá mú ọ̀pá, gọ́tà tí kò ní ìdérí ń dúró dè mí lápá òsì. Bí mo bá ń lọ, òsì ló wà. Bí mo bá ń bọ̀, ó yẹ kó ti bọ́ sí ọ̀tún, àfi bó ṣe jẹ́ pé wọ́n gbẹ́ òmíràn sí òdìkejì.

Kọ́lá, ọmọ iṣẹ́ mi, ló ń gé aṣọ báyìí, òun náà ló ń rán an. Tèmi ni kí n fi ìka tẹ̀ lé ojú rírán. Ìka mi ò ṣàìsàn. Bí abẹ́rẹ́ bá yà bàrá, mo mọ̀. Iṣẹ́ wa ò yí padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan wá dá bùbá àti ṣòkòtò. Mo dá iye lé e, ẹ̀rín ló bú sí. "Bàbá Bíọ́lá, ẹ ṣì fẹ́ gba iye yẹn? Ṣebí ìdajì lẹ ń rí." Ó ní ìdajì owó lòun máa san. N ò bá a jiyàn. Mo gba owó náà, mo ní kí Kọ́lá bá mi kà á, mo sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Kọ́lá, ṣòkòtò ọ̀gá yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni kó o rán."