Bọ̀dá Agbérapàá

Ẹbí Yorùbá tó bá tóbi díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní ṣàì ní irú rẹ̀ kan. Tiwa, ọkọ àbúrò mi ni. Àwọn ọmọ ilé ló sọ ọ́ ní Bọ̀dá Agbérapàá. Níbi iṣẹ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Lójú ara rẹ̀, páílọ́ọ̀tì tí wọn kò tíì gbé bàálù fún ni.

Kì í ṣe gbogbo bàálù agbérapàá ló kà sí o. Ti ọlọ́pàá, ó ní amí ni wọ́n. Ti olówó tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù, kì í gbójú sókè wò ó. Ṣùgbọ́n kí pupa tó ń gbé dókítà lọ bá ẹni tó farapa yẹn gbéra lórí òrùlé ọsibítù Royal London ní Whitechapel, ó parí.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Peckham, a ti tọ́ oyin sí ọmọ lẹ́nu, a fẹ́ kan iyọ̀, la bá gbọ́ pà-pà-pà-pà lókè. Kí a tó bojú wẹ̀yìn, Bọ̀dá ti wà níta. Àdúrà ń lọ lọ́wọ́, ojú fèrèsé ni "Àmín" tirẹ̀ ń gbà wọlé. Ó padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín: "H135 ni. Ẹ ò gbọ́ bí ìrù rẹ̀ ṣe ń súfèé?" Ó wá ṣàlàyé, kò sì sẹ́ni tó bi í, pé MD902 tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní fáànù tó ń yí níta nídìí rárá, atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́ gba inú ìrù rẹ̀ jáde. Ní 2024 tí wọ́n pààrọ̀ wọn, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n lu ilé bàbá rẹ̀ ní gbàǹjo. Ẹnì kan bi í pé ta ló farapa tí bàálù ń sáré lọ bá. Ó ní òun kò mọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmín rẹ̀ máa ń mi ilé bí wọ́n bá ní a kò ní rí ìjàǹbá ọkọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á mí kanlẹ̀: "Kí ló dé tí gbogbo nǹkan dákẹ́ báyìí?"

Bí ilẹ̀ bá ṣú, mọ́tò ni àwọn dókítà kan náà ń gbé lọ gba ẹ̀mí là. Ọ̀kan fọn fèrè lẹ́yìn bọ́ọ̀sì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó yà fún un, ó sì pòṣé.

Owó àánú ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1989. Ọmọbìnrin kan ń mi ike owó fún wọn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, Bọ̀dá bá dúró tì í. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń la àyà èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó sọ ti Prince William, tó wa irú bàálù bẹ́ẹ̀ ní East Anglia láti 2015 sí 2017, bí ẹni pé òun ló buwọ́ lu ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú gbáko. Kò fọwọ́ kan àpò. Ọmọbìnrin yẹn ló tún dúpẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé àwọn òyìnbó yìí ń pa wọ́n lára.

Ní 2016, King's College Hospital ní Denmark Hill ṣí pápá bàálù sórí òrùlé. Tẹ́lẹ̀, inú Ruskin Park ni wọ́n ń bà sí. Ọdún yẹn náà ni Bọ̀dá kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé kan nítòsí ibẹ̀, tí odó kò lè dúró nínú ilé ìdáná rẹ̀. Àbúrò mi rò pé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru òun ni.

Ní Sátidé tó kọjá, ó gun àga láti yọrí lójú fèrèsé, ó ṣubú, ẹsẹ̀ yẹ̀. Ańbúláǹsì elẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló wá gbé e. Ó bi wọ́n pé ọsibítù wo, wọ́n ní King's, ojú rẹ̀ sì là. Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé e gbà wọlé. Àbúrò mi ní nọ́ọ̀sì ń bi í pé ibo gan-an ló ń dùn ún, ó sì nawọ́ sókè pé kó rọra dákẹ́ ná, òun ń gbọ́ nǹkan lókè àjà.