Omi Yí Mi Ká ní Delft, Òùngbẹ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Mí

Ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ yìí kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Gbogbo ẹni tó rí fọ́tò tí mo gbé sórí WhatsApp ló ń sọ pé, "Bàbá ń jayé o!" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tilẹ̀ fi àdúrà ránṣẹ́ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí irú rẹ̀ kan òun náà. Nínú fọ́tò ọ̀hún, mo dúró lórí afárá kékeré kan ní Delft, ní ilẹ̀ Holland. Omi ń dán lẹ́yìn mi, ilé alábíríkì pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tò lọ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, òdòdó kún ojú fèrèsé. Gbogbo eyín mi ló wà níta. Ohun tí fọ́tò ò sọ ni pé ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ bí ẹ̀kọ tó sùn síta, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí, n ò sì rí ojútùú sí ọ̀kankan nínú méjèèjì láìsanwó.

Ọmọ àbúrò mi ló fà á. Ó ń kàwé ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà láti ọdún 1842. Ó pè mí lórí fóònù: "Dádì Ìbàdàn, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wá fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi lọ́dọ̀ mi. Ìlú kékeré ni, kò sí wàhálà níbẹ̀." Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ló pa.

Ní pápákọ̀ òfurufú Schiphol tó ti wá pàdé mi ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ́rù bà mí. "Dádì, ṣé ẹ mọ̀ pé ibi tí a dúró sí yìí rẹlẹ̀ ju òkun lọ?" Ó ní adágún ńlá ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọdún 1852 ni wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ tán. Mo wo ilẹ̀. Mo wo bàtà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní kó jẹ́ ká tètè máa lọ.

Nígbà tí a dé Delft, omi náà ni. Orúkọ ìlú yẹn gan-an, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kí èèyàn gbẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti fà á yọ, nítorí odò àfọwọ́gbẹ́ tó la ìlú já, èyí tí wọ́n ń pè ní Oude Delft. Ilé àtijọ́ kan wà létí odò yìí, àmì oyè aláràbarà kún iwájú rẹ̀. Ti àwọn alábòójútó omi agbègbè Delfland ni. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni ẹgbẹ́ yìí ti wà. Ogun jà, ogun tán, ọba jẹ, ọba wàjà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń fa omi síta kí ìlú má bàa rì, wọ́n sì ń gba owó omi lọ́wọ́ onílé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé omi ló wọ́n wọn.

Ọjọ́bọ̀ la jáde, ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Markt. Ọmọ náà fẹ́ kí n jẹ ṣáwá. Inú mi dùn, nítorí mo mọ ṣáwá, láti ọ̀dọ̀ wọn náà sì ni lára ẹja oníyìnyín tí à ń jẹ nílé ti ń wá. Àfi bí mo ṣe rí i tí bàbá arúgbó kan di ẹja mú níìrù, tó gbójú sókè ọ̀run, tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu. Wọn ò dín in, wọn ò yan án, wọn ò sè é. Iyọ̀ díẹ̀ ló rí, ni wọ́n bá rẹ́ àlùbọ́sà sí i lórí. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹja yìí ò tíì mọ̀ pé òun ti kú." Ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi ra kibbeling, ẹja tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun, tí wọ́n sì dín. Ìyẹn dára o. Èyí tó bá dára, ká sọ pé ó dára. Mo jẹ abọ́ méjì. Àmọ́ iyọ̀ inú rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn ìṣòro mi.

Ilé oúnjẹ kan wà létí omi, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìta la jókòó sí, bí mo bá na ọwọ́ báyìí, ó lè kan odò. Pẹ́pẹ́yẹ méjì ń wẹ̀ kọjá, wọ́n ń mu omi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bi mí pé kí ni màá mu. Mo ní omi. Ó ní ṣé èyí tó ń hó ni àbí èyí tí kì í hó? Mo ní èyí tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn kì í bu ti ẹ̀rọ fún oníbàárà. Ìgò tó gbé wá fi díẹ̀ ju ìgò oògùn ikọ́ lọ. Yúrò mẹ́ta ààbọ̀! Mo ti ń fi ìka ṣírò rẹ̀ sí náírà kí ọmọ náà tó di ọwọ́ mi mú. "Dádì, ẹ má ṣírò. Ẹ ṣáà mu ún." Owó yẹn á ra píọ̀ wọ́tà tí gbogbo ojúlé wa á mu, tí wọ́n á tún fi ìyókù ṣan ẹsẹ̀. Omi inú ìgò náà kò sì tó gẹ̀ẹ́ mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì ni, omi ẹ̀rọ tí wọ́n ní àwọn kì í bù yẹn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í tilẹ̀ da oògùn apakòkòrò sí i. Nílé ọmọ náà, òun ni mò ń fi fọ ẹsẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Láàárín Markt, níwájú Nieuwe Kerk tí wọ́n ń sin àwọn ọba wọn sí, ère bàbá kan dúró gangan. Hugo Grotius lorúkọ rẹ̀, ní Delft ni wọ́n bí i lọ́dún 1583. Agbẹjọ́rò ni. Ọmọ náà ṣàlàyé fún mi pé lọ́dún 1609, bàbá yìí tẹ ìwé kan jáde, Mare Liberum, tó fi sọ fún gbogbo ayé pé òkun ò ní olówó, pé kò sí orílẹ̀-èdè tó lè gbà á ní tirẹ̀ nìkan. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Gbogbo òkun láyé, látibí títí dé Íńdíà, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ife omi kan níwájú ère ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, Yúrò mẹ́ta ààbọ̀. Agbẹjọ́rò náà kò rí ìyẹn rò. Mo wò ó lójú pẹ́. Ẹyẹlé kan ló bà lé e lórí.

Ọlọgbọ́n ni ṣá o. Nígbà tí wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n, inú àpótí ìwé ló sá sí, wọ́n gbé e jáde láìmọ̀, lọ́dún 1621. Èmi náà ì bá rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ àbúrò mi ní ká gun ilé agogo Nieuwe Kerk. Àtẹ̀gùn 376. Mo ní kó máa lọ, màá máa ṣọ́ ère.

Ibẹ̀ ni ìtọ̀ dé. Ṣé ẹ rí i, ní ìlú yẹn, bí omi ṣe ń wọlé lówó náà ló ń jáde lówó. Mo rí ilé ìtọ̀ kan, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní irin tó ń yí bíríbírí, ó ní sẹ́ńtì 70. Mo ní kò burú, owó ẹyọ ń ró woroworo lápò mi. Ẹ̀rọ náà ò gba owó ẹyọ. Káàdì nìkan. Mo yọ káàdì báńkì tí mo gbé láti ilé, mo fi kàn án. Iná pupa tàn. Mo tún fi kàn án. Iná pupa. Kí káàdì ẹni kọ̀ láti ṣiṣẹ́ níbi tí a ti fẹ́ ra bàtà, ìtìjú lásán ni. Kó kọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn, ìyà gidi ni. Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń wo bàbá aláwọ̀ dúdú tó ń jó láìsí ìlù.

Mo sáré padà sídìí ère. Mo wo odò. Ọmọ náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀, mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Owó ìtanràn rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún Yúrò lọ!" Ní Ìbàdàn, ògiri ló máa ń bẹ ni pé "Ẹ má tọ̀ síbí o", ó tán, kò mọ ju ìyẹn lọ. Káàdì ti ọmọ náà ló yọ mí. Bí mo ṣe ń wọlé, mo gbọ́ tí fóònù rẹ̀ dún. Ó ti gba àlẹ́ẹ̀tì ìtọ̀ mi.

Omi kan ṣoṣo tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni òjò, ìyẹn sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kì í rọ̀ láti òkè. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wá, atẹ́gùn ń tì í bọ̀, agboòrùn mi sì yí padà di abọ́. Mo wá ibi tó gbẹ, mo dúró sí ojú ọ̀nà pupa kan tó tẹ́jú dáadáa. Mo rò pé ti àlejò ni. Ti kẹ̀kẹ́ ni. Ní ilẹ̀ Holland, kẹ̀kẹ́ pọ̀ ju èèyàn lọ, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kọjá níbi tí mo dúró sí. Ìyá àgbà kan, kò lè dín ní 80 ọdún, ló kọ́kọ́ sáré bọ̀ nínú òjò, ó ń tẹ aago, ó sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ kan lù mí. N ò gbédè wọn, àmọ́ ojú tó fi sọ ọ́ ti túmọ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ní àpótí pákó níwájú, ọmọ mẹ́ta jókòó sínú rẹ̀ bí iṣu inú ọmọlanke. Èyí tó kéré jù ń jẹ búrẹ́dì. Òun nìkan ló juwọ́ sí mi.

Ibi tí a sá òjò sí ni Oude Kerk, a sì sanwó kí a tó wọlé. Ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì yìí ga tó mítà 75, ó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó nǹkan bíi mítà méjì. Àwọn ọmọ ìlú ń pè é ní Scheve Jan, ìyẹn Jan tó wọ́. Kí ló wọ́ ọ? Omi náà ni! Odò àfọwọ́gbẹ́ ni wọ́n dí lápá kan kí wọ́n tó rí àyè kọ́ ọ, ilẹ̀ náà ò sì gbé e. Agogo ńlá tó wà nínú rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 9. Kò fi bẹ́ẹ̀ ń dún, àfi bí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀, bí ìsìnkú ọba, nítorí wọn ò fẹ́ kí Jan mì jù. Abẹ́ rẹ̀ yìí náà ni wọ́n ní kí n jókòó kí n sinmi.

Vermeer ayàwòrán wà níbẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀. Kò sí àwòrán rẹ̀ kankan nílùú tí wọ́n ti bí i. Èyí tó fi ya Delft àti omi rẹ̀, Den Haag ló wà. Ṣùgbọ́n sàréè tí mo wá lọ bá gan-an ni ti Antonie van Leeuwenhoek. Ọdún 1632 ni wọ́n bí òun náà bíi Vermeer, ní Delft náà. Aláṣọ ni. Àwọn aláṣọ máa ń fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo òwú, bóyá ó dára. Òun wá ń fọwọ́ ara rẹ̀ dán gíláàsì tó ju ti gbogbo wọn lọ, ó gbójú kúrò lára aṣọ, ó bọ́ sórí omi. Lọ́dún 1674, ó bu omi adágún kan tí kò jìnnà sílùú, ó sì rí àwọn abẹ̀mí kéékèèké tí wọ́n ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀, nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí. Mo tẹ̀ mọ́ sàréè náà, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ba ọjà jẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn láti máa fojú iyebíye wo omi. Ẹ ò bá ti jókòó ti aṣọ yín."

Nítorí aṣọ gan-an ni wọ́n fi rán mi níṣẹ́. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ kí n tó wọ bàálù: "Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Holland lẹ̀ ń lọ, ẹ ra Hollandis bọ̀ láti ìdí rẹ̀. Kí n fi han àwọn tó ń wọ ayédèrú." Ta ni mo jẹ́? Mo dé ilé aṣọ mẹ́ta ní Delft. Aṣọ dúdú, aṣọ eérú, aṣọ tó dà bí ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀. Ní ìkẹta, mo ṣí fóònù, mo fi fọ́tò ìyàwó mi han ọmọbìnrin tó ń tajà, nínú àǹkárá tó wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹnu yà á. Ó ní, "Ó mà lẹ́wà o! Ṣé orílẹ̀-èdè yín ni wọ́n ti ń ṣe é?"

Mo jókòó lórí àga tí wọ́n fi ń dán bàtà wò. Ọmọ àbúrò mi wò ó lórí fóònù: ìlú Helmond ni Vlisco tó ń ṣe é ti wà láti ọdún 1846, lápá gúúsù, ó sì lé ní wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo ka owó ọwọ́ mi. Omi ti jẹ díẹ̀, ìtọ̀ ti jẹ díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti gba tirẹ̀. Ohun tó kù kò gbé mi dé Helmond kó tún gbé mi bọ̀.

Hollandis tí ìyàwó mi wọ̀ síbi ìwúyè lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọwọ́ pa, tó ń sọ fún wọn pé ọkọ òun gbé e láti ìdí rẹ̀ wá, ọjà Gbági n'Ìbàdàn ni mo ti rà á, lọ́jọ́ kejì tí mo padà dé. Aláṣọ náà tún fún mi ní píọ̀ wọ́tà tútù kan, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ilé wa nínú yín, kó má ka ìwé yìí sí i létí.