Gbèsè Ìbejì Mẹ́ta

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ṣubú nínú MTH 102, iwájú ni mo ń wò ṣáá. Kálkúlọ́ọ̀sì ni kọ́ọ̀sì náà. Ọdún kìíní ni ìlànà NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé e sí, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kan MTH 202, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní differential equations. Lójú tèmi, ètò orí ìwé lásán ni. Ọmọ Èrúwà ni mí, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí "ọmọ tó mọ ìṣirò". Ta ni yóò wá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé pé òun gbé kárí-ófà?

Mo ti fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ MTH 202 mi bọ àárín ti àwọn ọ̀rẹ́ mi tó yege, wọ́n bu ọwọ́ lu gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì wọ kíláàsì MTH 202 bí ọkọ ìyàwó.

Ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ sójú pátákó ni dy/dx = y. Ó ní kí a wá y. Ẹ̀rín pa mí. D wà lókè, d wà nísàlẹ̀: mo fi d gé d. Ó ku y/x = y. Mo fi y gé y, x di 1. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo nawọ́ sókè. Olùkọ́ ní kí n wá kọ ọ́ síwájú. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, kíláàsì pa lọ́lọ́. Mo rò pé ẹnu ló yà wọ́n.

"Ọ̀gbẹ́ni, y ni mo ní kí o wá. Ibo lo gbé e sí?"

Mo wo pátákó lókè, mo wò ó nísàlẹ̀. Lóòótọ́, mo ti gé y dànù.

Ohun tí mo sá fún nínú MTH 102 gan-an nìyí: dy/dx kì í ṣe lẹ́tà tí à ń gé. Ó ń sọ bí y ṣe ń yára yí padà tó bí x bá ṣe ń sún. Ìbéèrè olùkọ́ ń sọ pé bí y bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe máa yára tóbi sí i tó.

Ojú kò tì mí tó. Nígbà ìsinmi, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń ta àmàlà ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé probability, tí n kò kọ́ rí, fún wọn.

"Màmá, ọ̀nà méjì ló wà: ìbejì tàbí ọmọ kan. Ìdajì ìbímọ ìlú yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbejì."

"Mẹ́fà ni mo bí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá. Mo sì ń jẹ ilasa, ọbẹ̀ tí wọ́n ní ó ń mú ìbejì wá, ju àwọn ìyá ìbejì lọ."

Mo ṣírò kíá: ìdajì lọ́nà mẹ́fà jẹ́ mẹ́ta. "A jẹ́ pé ẹ jẹ ìlú ní gbèsè ìbejì mẹ́ta nìyẹn."

Orógùn ọwọ́ wọn ni kò jẹ́ kí n ṣàlàyé èlé orí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń jẹun níbẹ̀ ló gbà mí. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera nílẹ̀ Ìbàràpá, níbi tí Igbó-Ọrà wà. "Àbúrò," ó ní, "Dókítà Nylander ti ka ìbejì ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ìbímọ 1,000, bíi 45 sí 50 ni. Tìrẹ máa jẹ́ 500! Pé ọ̀nà méjì wà kò sọ pé wọ́n dọ́gba."

Ó ní ìdajì mi wúlò níbòmíràn. Akọ àti abo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà ìbejì tó wá láti inú ẹyin méjì ní ọ̀nà mẹ́rin: akọ-akọ, akọ-abo, abo-akọ, abo-abo. Méjì nínú mẹ́rin jẹ́ akọ pẹ̀lú abo. Ní 1901, Weinberg, dókítà ará Jámánì, fi èyí gbé òfin kan kalẹ̀: ka àwọn ìbejì akọ-pẹ̀lú-abo, sọ wọ́n di ìlọ́po méjì, o ti mọ iye àwọn ẹlẹ́yin méjì.

Mo padà sínú MTH 102, láàárín àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àmì ∫, tí mo ti ń pè ní "S gígùn" nítorí àìmọ̀, S gígùn ni lóòótọ́: Leibniz ló fi í dúró fún àpapọ̀ ní 1675. Nínú gbogbo ìṣirò tí mo fi ẹnu ṣe lọ́dún yẹn, ìyẹn nìkan ni mo gbà.